Ìpinnu, ìforítì, agídí: ibo gan-an ni ààlà wọn wà?

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀rọ̀ (olùbéèrè)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀kọ́ kan ni mo ń múra sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ lórí ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní determination, mo sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ dé kí n tó gbé e síwájú wọn. Wọ́n ń lò ó fún ẹni tó di nǹkan mú tí kò jẹ́ kó bọ́. Wọ́n ń lò ó fún ohun tí adájọ́ sọ ní ìparí ẹjọ́, fún ẹ̀tọ́ tí àwọn ènìyàn ní láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́, àti fún iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tí a fi ń mọ bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó.

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Ṣé "ìpinnu" lè gbé gbogbo èyí? Kí ló ya ìpinnu sọ́tọ̀ kúrò lára ìforítì àti agídí? Ìkẹta ló jẹ mí lógún jù: kí ni ènìyàn máa ṣe, láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, tí ìpinnu rẹ̀ kò fi ní í tú ká lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìṣírí nìkan dá mi lóhùn. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ti gbọ́ ìyẹn yó.

Onímọ̀Èdè

Ẹ jẹ́ kí n mú ti èdè, kí àwọn tó mọ ìyókù tó wọlé.

"Ìpinnu" ní apá méjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í lò. Apá kìíní jẹ́ ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tó sì parí síbẹ̀: ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ṣe ìpinnu, wọ́n dìde. Apá kejì jẹ́ ipò tí ọkàn wà tó sì ń bá a lọ: obìnrin náà ní ìpinnu, kò sì yẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí gbólóhùn kan ń sọ, ẹ bi í pé "ìgbà wo?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ ọjọ́ kan pàtó, apá kìíní ni. Bí ó bá jẹ́ "láti ọjọ́ yẹn títí di òní", apá kejì ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá wọn rìn náà yàtọ̀. A ń ṣe ìpinnu, a ń kéde rẹ̀, a lè wọ́gi lé e. Ṣùgbọ́n orí ìpinnu ni a ti ń dúró, ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Bí ènìyàn púpọ̀ bá jọ ṣe ti apá kìíní, "ìfẹnukò" ló sábà bá a mu jù.

Ó wá ku àwọn ìbátan rẹ̀. Ìforítì kò lè wáyé níbi tí ìnira kò sí. Kò sẹ́ni tó ń forí ti ìgbádùn. Ìfaradà kò nílò ibi tí à ń lọ: ènìyàn lè fara da àìsàn láìlépa ohunkóhun. Ìtẹramọ́ṣẹ́ ń sọ nípa ṣíṣe nǹkan léraléra, ì báà rọrùn, ì báà le. Ìpinnu ló ń sọ ibi tí à ń lọ, àwọn yòókù ń sọ bí a ṣe ń rìn. Agídí ní tirẹ̀, etí ló wà. Alágídí ni ẹni tí ohun tuntun tó gbọ́ kò lè yí padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè jẹ́ alágídí láìní ìpinnu kankan, tó kàn ń kọ ohun tí ẹlòmíràn wí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ fi kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé òwe náà dárúkọ oyin kó tó dárúkọ àáké. Ẹni tí kò mọ oyin tó ń wá, àáké lásán ló ń bà jẹ́.

Ìlò kan ṣì wà tí ẹ kò mẹ́nu bà: ohun tí kò lọ́kàn rárá náà lè "pinnu". Bí iyanrìn tí ẹyin ìjàpá òkun wà nínú rẹ̀ bá ṣe gbóná tó ló ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni yóò jáde. Ní nǹkan bíi 29°C, takọtabo máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, akọ ló ń pọ̀, bó bá gbóná jù ú lọ, abo ló ń pọ̀. Kò sí ìfẹ́-inú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìlò yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ó ń da àwọn ọ̀dọ́ lójú rú, "ló ń sọ bó ṣe máa rí" ṣe iṣẹ́ náà pé.

Ìgbésẹ̀Kan

Ìbéèrè kẹta ni tèmi, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ọ̀dọ́ jẹ jù.

Ohun tó ń pa ìpinnu kì í sábà jẹ́ àìnífẹ̀ẹ́. Wákàtí tó yẹ ká ṣe nǹkan náà á dé, kò sì ní sí ohun tó máa sọ fún wa pé òun nìyí. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó jẹ́ ọmọ Jámánì, kọ nípa oògùn rẹ̀ ní 1999: kí ènìyàn so ohun tó fẹ́ ṣe mọ́ àkókò àti ibi kan pàtó, pé "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, èyí ni màá ṣe". Ní 2006, òun àti Paschal Sheeran kó àyẹ̀wò 94 jọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ṣe irú ètò yìí ń ṣe àṣeyọrí ju àwọn tó kàn ní ìfẹ́-ọkàn lọ. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ rèé. Ẹ mú ìpinnu kan ṣoṣo. Ẹ wá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń rán yín létí, bíi fífọ eyín lówùúrọ̀ tàbí gbígbé báàgì sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé. Ìyẹn ni àmì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìṣe àkọ́kọ́ tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Gbólóhùn náà á wá rí báyìí: "Bí mo bá ti gbé báàgì mi sórí àga, màá ṣí ìwé ìṣirò sí ibi tí mo fàmì sí, màá sì da ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ." Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́. Ẹ kà á sókè, kí ẹ sì fojú inú rí àga yẹn gan-an, báàgì yẹn gan-an.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni àmì tí kò lójú. "Bí mo bá ráyè" kì í ṣe àmì, àyè kì í kan ilẹ̀kùn. "Nírọ̀lẹ́" gùn tó wákàtí mẹ́rin. Ìṣe tó tóbi jù náà ń bà á jẹ́: "màá kàwé" kò sọ ohun tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ gbá mú. Ètò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà máa ń di ara wọn lọ́wọ́. Bí ohun náà kò bá sì jẹ́ ohun tí ènìyàn fẹ́ látọkànwá, kò sí gbólóhùn tó máa mú un ṣe é. Àyẹ̀wò ti fi ìyẹn náà hàn.

Iṣẹ́ kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbólóhùn yẹn, Gabriele Oettingen, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá mìíràn, ló sì ti ṣe ìwádìí rẹ̀ jù. Ẹ fojú inú wo bí àṣeyọrí náà ṣe máa dùn tó. Kí ẹ tó dìde níbẹ̀, ẹ yíjú sí ohun kan nínú ara yín tó máa dí i lọ́wọ́: oorun, fóònù, ìtìjú láti béèrè. Ẹ má ṣe dúró sórí ti adùn nìkan. Nínú ìwádìí tí òun àti Thomas Wadden tẹ̀ jáde ní 1991 lórí àwọn obìnrin tó fẹ́ dín ìsanra kù, àwọn tí àlá ojúmọmọ wọn dùn jù ni ìsanra wọn dín kù díẹ̀ jù. Ìdènà tí ẹ bá rí ló máa di àmì kejì: "Bí ọwọ́ mi bá lọ sórí fóònù kí n tó parí ìbéèrè márùn-ún, màá gbé e lọ sí yàrá kejì."

Ẹ má sì sọ fún wọn pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ra. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa ènìyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12, àbájáde rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ní 2010. Láàárín àwọn tí ìṣirò tiwọn dúró dáadáa, ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti 18 títí dé 254. Ìṣirò ló sọ 254 yẹn pàápàá, nítorí ìwádìí náà fúnra rẹ̀ kò ju ọjọ́ 84 lọ. Mímu omi tètè mọ́ra ju eré ìdárayá lọ. Èyí tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ jù níbẹ̀ ni pé fífo ọjọ́ kan ṣoṣo kò ba ohunkóhun jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ènìyàn fi ọjọ́ kan tó fò ṣe ẹ̀rí pé òun kì í ṣe onípinnu ni ewu ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára ìkóra-ẹni-níjàánu náà ń fẹ́ àtúnṣe. Láti 1998, látọwọ́ Roy Baumeister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni èrò náà ti gbilẹ̀ pé agbára yìí máa ń tán bí a bá ti ń lò ó. Yàrá ìwádìí 23 tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú ènìyàn tó ju 2,000 lọ, àbájáde jáde ní 2016, wọn kò sì rí nǹkan gidi kan. Nítorí náà, "agbára mi ti tán fún òní" kì í ṣe òfin ìṣẹ̀dá. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sójú ìdẹwò: gbígbé fóònù kúrò nínú yàrá rọrùn ju jíjókòó tì í láìwò ó lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀rọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀kan sí i. Ṣé ó dáa kí wọ́n kéde ìpinnu wọn fún ọ̀rẹ́? Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ó dáa.

Ìgbésẹ̀Kan

Ó dá lórí ohun tí wọ́n ń kéde. Ní 2009, Gollwitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ènìyàn bá kéde pé irú ẹni báyìí ni òun fẹ́ dà, tí àwọn ẹlòmíràn sì kíyè sí ìkéde náà, iṣẹ́ tó máa ń ṣe lé e lórí máa ń dín kù. Ìkéde náà ti fún un ní apá kan nínú adùn tó yẹ kó ti inú iṣẹ́ jáde.

Ṣùgbọ́n fífi iṣẹ́ tí a ti ṣe hàn yàtọ̀ pátápátá. Benjamin Harkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 138 jọ ní 2016, wọ́n rí i pé ṣíṣọ́ bí a ṣe ń tẹ̀síwájú ń ranni lọ́wọ́, ó sì ń ranni lọ́wọ́ sí i bí a bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tí a bá jẹ́ kí ojú ẹlòmíràn tó o. Torí náà, kí ọ̀dọ́ náà má wulẹ̀ polongo pé "mo fẹ́ di dókítà". Kí ó máa fi han ọ̀rẹ́ kan lọ́jọ́ Sátidé pé nínú ìbéèrè 30 tí òun kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà, 25 ni òun ṣe, àwọn márùn-ún tó kù sì nìyí. Ọ̀rẹ́ kan tó ń béèrè dáa ju ogún tó ń pàtẹ́wọ́ lọ.

Aṣírò

Onímọ̀Èdè ní etí ni agídí wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó àti orúkọ ló máa ń di etí náà.

Ní 1976, Barry Staw ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣòwò ṣe bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kí wọ́n yan ẹ̀ka tí wọ́n máa fún lówó. Nígbà tí ẹ̀ka náà wá ṣe burúkú, àwọn tó fúnra wọn yàn án ló tún da owó tó pọ̀ jù lé e lórí, ju àwọn tó kàn bá ìpinnu náà nílẹ̀ lọ. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le koko sí i. Ní 1985, Hal Arkes àti Catherine Blumer tẹ̀ ẹ́ síwájú pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì eré orí ìtàgé fún odidi sáà kan: àwọn kan san owó pípé, wọ́n dín in kù fún àwọn mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n retí rẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ sáà náà, àwọn tó san owó pípé ló lọ wo eré jù. Eré kan náà ni o. Owó tó ti lọ ló ń fà wọ́n lẹ́sẹ̀.

Orílẹ̀-èdè pàápàá ń ṣe é. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1962, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé láti jọ kọ́ ọkọ̀ òfuurufú Concorde. Iye tí wọ́n fojú bù níbẹ̀rẹ̀ di ìlọ́po-ìlọ́po, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ti ń béèrè fún un fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ wọn kò dúró. Ogún ni gbogbo èyí tí wọ́n kọ́, 14 péré nínú rẹ̀ ló gbé èrò, láti 1976 títí di 2003. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àrà, mi ò ní fi ìyẹn du àwọn tó kọ́ ọ. Kìkì pé àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì kò ní gbólóhùn tó sọ pé "bí ó bá dé ibi báyìí, a máa dúró", ìyẹn sì mú kó ṣòro fún ẹnì kan láti dá jáde.

Ohun tó ń ya ìpinnu kúrò lára agídí, ṣáájú ni a ti ń kọ ọ́. Kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àyẹ̀wò, ààlà ohun tó máa ná níbẹ̀, àmì tó máa fi mọ̀ pé nǹkan ń lọ, àti ẹnì kan tí kò ní ìpín nínú rẹ̀ tó máa bá a wò ó. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó fẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ 12, wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí 96. Àmì: kí ó lè kọ ètò kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ láìwo ti ẹlòmíràn.

Bí ọ̀sẹ̀ 12 bá pé tí àmì kò sí, ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni "ṣé kí n jáwọ́?" Ẹ ka wákàtí ná. Bí kò bá tó 77, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ibi-àfojúsùn kò tíì jẹ̀bi. Ètò ojoojúmọ́ ló ń jò, ẹ padà sí gbólóhùn Ìgbésẹ̀Kan. Bí wákàtí bá pé tí àmì kò sí, ẹ yí ọ̀nà padà: ìwé mìíràn, olùkọ́ mìíràn, iṣẹ́ tó kéré sí i. Ibi-àfojúsùn ṣì dúró. Bí wákàtí bá pé lẹ́ẹ̀kejì lórí ọ̀nà tuntun, tí kò sì sí nǹkan kan, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gbé ibi-àfojúsùn fúnra rẹ̀ sórí tábìlì. Ẹni tó jáwọ́ níbẹ̀ kò ya ọ̀lẹ, òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló tẹ̀ lé.

Àṣìṣe méjì ló máa ń ba èyí jẹ́. Èkíní ni ṣíṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, dípò ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀. Ọjọ́ burúkú kan kì í sọ òótọ́ nípa ọ̀sẹ̀ 12. Èkejì ni yíyí àmì padà lẹ́yìn tí èsì ti jáde, tí ẹni tó ní òun fẹ́ kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ wá ń sọ pé "ó kéré tán, mo ti mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀."

Ìgbésẹ̀Kan

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, kìkì pé kí ẹ fi ti ara kún un. Bí ìpinnu náà bá jẹ mọ́ eré ìdárayá, àwọn àmì kan wà tí kì í dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò: ìrora àyà, òòyì, àti ìrora oríkèé tó ń pọ̀ sí i bí ènìyàn ṣe ń bá a lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni a ń dúró. Kò sí ìforítì níbẹ̀.

Amòfin

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Ìpinnu ní ilé ẹjọ́ ni títi ìbéèrè kan pa lọ́nà tí òfin là sílẹ̀. Àpilẹ̀kọ 10 nínú Ìkéde Àgbáyé Lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1948, lo ọ̀rọ̀ náà gan-an: níbi tí a bá ti fẹ́ pinnu ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ẹnì kan, tàbí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí wọ́n fi kàn án, ó ní ẹ̀tọ́ kí ilé ẹjọ́ tó dá dúró tí kò sì ṣègbè gbọ́ ọ ní gbangba. Àpilẹ̀kọ 14 nínú Májẹ̀mú Àgbáyé Lórí Ẹ̀tọ́ Aráàlú àti Ẹ̀tọ́ Ìṣèlú ti 1966, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1976, tún un sọ lọ́nà tó kún sí i.

Kí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ tó lè dúró, ilé ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ ní agbára lórí ẹjọ́ yẹn, kó sì gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ á to àwọn kókó tó ń fa àríyànjiyàn, á sọ èyí tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi gbà á, á fi òfin lé e, á sì pàṣẹ. Ohun tó máa ń mú kí ilé ẹjọ́ tó ga jù wó o lulẹ̀ ni kí adájọ́ dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá, tàbí kí ó pàṣẹ láìsọ ìdí. Ẹ sì má pe àṣẹ onígbà díẹ̀, tí wọ́n fi ń dá nǹkan dúró kí ẹjọ́ tó parí, ní ìpinnu ẹjọ́ náà. Ìbéèrè ṣì wà ní ṣíṣí níbẹ̀. Bí ìpinnu ìkẹyìn bá ti jáde, tí àkókò ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ti kọjá, àwọn kan náà kò lè gbé ọ̀rọ̀ kan náà padà wá mọ́.

Ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn ilẹ̀ kan láti pinnu ipò ara wọn wà nínú Àpilẹ̀kọ 1 Ìwé Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1945. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1960, Àpéjọ Gbogbogbò fọwọ́ sí ìfẹnukò 1514 lórí òmìnira àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí: ìbò 89 ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́, mẹ́sàn-án kò dá sí i. Ọjọ́ kejì, ìfẹnukò 1541 to ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbàgbé pé mẹ́ta ni: dídá dúró pátápátá, bíbá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ní ìfẹ́-inú, tàbí dídàpọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bá fẹnu ara wọn yàn ni ìpinnu; òmìnira jẹ́ ọ̀kan nínú ìdáhùn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe béèrè ìbéèrè ṣe pàtàkì tó ìdáhùn. Ní East Timor, ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 1999, ìdá 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún kọ ìṣàkóso àdáni lábẹ́ Indonesia, òmìnira sì dé ní oṣù Karùn-ún 2002. Ní Gúúsù Sudan, oṣù Kìíní 2011, ìbò náà kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ìdá 60 nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò bá jáde. Wọ́n jáde, ìdá 98.83 sì yan ìyapa. Ti Quebec, ẹkùn kan ní Kánádà, yàtọ̀. Ní 1995, ìdá 50.58 sọ pé àwọn kò kúrò lára Kánádà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ sì sọ ní 1998 pé ẹkùn náà kò ní ẹ̀tọ́ láti dá já ara rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó hàn kedere bá dáhùn ìbéèrè tó yé kedere, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ jókòó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀Kan

Ẹ̀gbọ́n Amòfin, ohun tí ẹ sọ yẹn, pé èyí tí wọ́n bá fẹnu ara wọn yàn, wà nínú ẹ̀kọ́ ìrònú ẹ̀dá náà. Edward Deci àti Richard Ryan kọ́ odidi àlàyé kan lé e lórí ní 1985: ìpinnu máa ń pẹ́ bí ẹni náà bá rí i pé òun ló yàn án, pé òun lè ṣe é, àti pé àwọn kan wà tí òun jẹ́ tiwọn. Bí a bá fi ẹ̀bùn fà á nìkan, ó lè yí padà. Ní 1973, Mark Lepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ kéékèèké tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún kò yà á tó àwọn tí wọn kò ṣèlérí nǹkan kan fún. Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀rọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ẹ bá bá ọ̀dọ́ kan yan ìpinnu rẹ̀, ẹ ti mú òpó kan kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé mẹ́ta síwájú rẹ̀, kí ó mú ọ̀kan.

YàráÀyẹ̀wò

Ó ku ti yàrá àyẹ̀wò. Mi ò ní pè é ní ìpinnu. "Wíwá ìwọ̀n" ló ń jẹ́, nítorí ìwọ̀n náà ti wà nínú omi kí a tó dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń yàn án.

Ẹ jẹ́ ká ní sodium hydroxide kan wà, ìyẹn alkali tó ń pa agbára ásíìdì, tí a kò mọ bó ṣe le tó, hydrochloric acid tí a mọ bó ṣe le tó, 0.100 mol/dm³, sì wà lọ́wọ́. Ẹ fi omi tí kò ní èròjà kankan ṣan búrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì gígùn onílà tí a ti ń kán omi sílẹ̀), kí ẹ fi ásíìdì náà ṣan án, kí ẹ tó rọ ásíìdì kún un. Ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá tí a fi ń wọn ìwọ̀n omi kan pàtó) wọn alkali 25.0 cm³ sínú fláàsìkì, kí ẹ kán phenolphthalein, èròjà tí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ ìgbà tí alkali bá tán, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta sí i. Àwọ̀ osùn pupa rẹ́súrẹ́sú á jáde. Ẹ gbé fláàsìkì náà sórí táìlì funfun, kí ẹ máa da ásíìdì sí i, kí ẹ máa yí i. Èkíní jẹ́ ti ìdánwò, ẹ kàn ń wá agbègbè tí àwọ̀ ti ń lọ. Láti èkejì lọ, bí ó bá ti ku nǹkan bíi 1 cm³ kí ó débẹ̀, ìkán kọ̀ọ̀kan ni. Kán kan tó mú àwọ̀ lọ pátápátá ni òpin. Ẹ tún un ṣe títí méjì á fi wà láàárín 0.10 cm³ síra wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ 22.35 àti 22.45, àárín wọn jẹ́ 22.40. Mole (ìwọ̀n iye èròjà) kan ásíìdì ló ń bá mole kan alkali dọ́gba, nítorí náà 0.100 × 22.40 ÷ 25.0 fún wa ní 0.0896 mol/dm³.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀. Àrọ tí wọ́n gbàgbé sórí búrẹ́ẹ̀tì á máa kán sílẹ̀ sínú rẹ̀, iye tí a kà á sì kéré ju òótọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sí ẹnu ìsàlẹ̀ búrẹ́ẹ̀tì á jáde láàárín iṣẹ́, a ó sì kà á mọ́ ásíìdì. Wọ́n máa ń fi alkali ṣan fláàsìkì: èyí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ á ju 25.0 lọ. Omi lásán ni ẹ fi ṣan án, tí kò bá gbẹ pàápàá kò burú, torí iye alkali tí pípẹ́ẹ̀tì gbé wá kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fẹnu fẹ́ èyí tó kù sẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti ka ìyẹn mọ́ ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀rọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. YàráÀyẹ̀wò, kí ló dé tí ẹ dúró sí 0.0896? Ẹ̀rọ ìṣirò lè fún wa ní nọ́ńbà púpọ̀ ju ìyẹn lọ, bí àárín bá jẹ́ 22.37.

YàráÀyẹ̀wò

Ó lè fún yín, ṣùgbọ́n búrẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ ọ́n. 0.05 cm³ ni ojú lè ṣì kà níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, 0.05 tún ni níbi tí a parí sí, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.10. Nínú 22.40, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà kẹta nínú 0.0896 ti wà nínú iyèméjì tẹ́lẹ̀, èyí tó bá tẹ̀ lé e kò ní ẹ̀rí kankan lẹ́yìn. Ásíìdì tí a fi bẹ̀rẹ̀ náà, 0.100 ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta péré. Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà kẹrin, ẹ wá ásíìdì tí wọ́n wọn dé nọ́ńbà kẹrin àti búrẹ́ẹ̀tì tí ìlà rẹ̀ sún mọ́ra ju èyí lọ.